Bí a ṣe ń mọ ohun tí iṣẹ́ oko ń ṣe sí mọ́ọ̀sì tó ṣọ̀wọ́n nínú oko ọkà

Ẹni tó bá wọ oko àlìkámà ní Britain láti wá mọ́ọ̀sì tó ṣọ̀wọ́n, ìyẹn ewéko kéékèèké tó ń fara mọ́ ilẹ̀, sábà máa ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Á rìn yí oko ká, á wò ó lórí ìdúró, kò ní rí ju erùpẹ̀ àti àkékù ọkà lọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko náà kò ní nǹkan kan. Ẹlòmíì rí mọ́ọ̀sì o, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ oko ló ń pa wọ́n run, iye ajílẹ̀ nìkan ló bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì já sí pàbó, ohun kan náà ló sì fà á: wọn ò ka ọjọ́.

Mọ́ọ̀sì inú oko ọkà yàtọ̀ sí èyí tó ń bo ògiri alámọ̀ lásìkò òjò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ga ju mìlímítà 5 lọ. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni wọ́n ń gbé. Bí katakata kò bá tú ilẹ̀ rárá, koríko á bò wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Bí katakata bá sì tètè padà wá kí wọ́n tó bímọ, kò sí irúgbìn tí wọn yóò fi sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Àkókò tó wà láàárín ìkórè àti ìtúlẹ̀ tó tẹ̀lé e ni gbogbo ayé wọn. Ìtọ́sọ́nà yìí ń kọ́ni bí a ṣe ń wọn àkókò yẹn, bí a ṣe ń wá mọ́ọ̀sì náà, àti bí a ṣe ń so méjèèjì pọ̀. Oko ọkà Britain la fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí láàárín ọdún 2001 sí 2005, àwọn ọmọ British Bryological Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa mọ́ọ̀sì àti ìbátan rẹ̀, wo irú oko bẹ́ẹ̀ káàkiri Britain àti Ireland, wọ́n sì ti jẹ́ ká mọ irú mọ́ọ̀sì tó yẹ ká máa retí níbẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Awò ọwọ́ tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, àti òmíràn ìlọ́po 20 bí ẹ bá rí i.
- Maikirosikóòpù tó lè mú nǹkan tóbi dé ìlọ́po 400. Ẹ lè lo ti yunifásítì.
- Férémù onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìbú àti òòró. Páìpù oníke mẹ́rin ti tó láti fi ṣe é.
- Rọ́bà tí a ń kúnlẹ̀ lé. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà.
- Ọ̀bẹ kékeré, àpò ìwé 50, pẹ́ńsù, àti fóònù tó ń sọ ibi tí èèyàn wà.
- Ohun èlò ìwọn pH ilẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó.
- Abọ́ pẹlẹbẹ oníke, iyanrìn, ọ̀rá tó mọ́ gaara, àti omi òjò tàbí omi tí wọ́n sẹ́ nínú ẹ̀rọ.
- Àṣẹ ẹni tó ni oko. Láìsí i, ẹ má wọlé.

Ìpele 1: Ẹ yan oko ní méjì-méjì

Ẹ wá oko méjì tí ilẹ̀ wọn jọra, tí wọn ò sì jìnnà síra, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oko orí wọn yàtọ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ oko àlìkámà tí wọ́n ń gbìn ní ìgbà ìwọ́wé, kí èkejì jẹ́ oko báálì tí wọ́n ń gbìn ní ìgbà ìrúwé. Irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ kó jọ, ó kéré tán.

Ẹ wọn pH oko kọ̀ọ̀kan: ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ níbi mẹ́wàá láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 òkè, ẹ pò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ìdá 1 erùpẹ̀ sínú ìdá 2.5 omi tí wọ́n sẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Oko méjì tí pH wọn fi ju 0.5 lọ síra kò yẹ kó wà papọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á fi oko tó wà lórí ilẹ̀ ẹfun wé èyí tó wà lórí ilẹ̀ tó kan díẹ̀. Ilẹ̀ ẹfun ni mọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Microbryum davallianum fẹ́. Anthoceros agrestis, ìbátan mọ́ọ̀sì, ní tirẹ̀ fẹ́ ilẹ̀ tí kò ní ẹfun púpọ̀. Ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ tí wọ́n rí, àgbẹ̀ ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi. Àṣìṣe kejì ni pé kí èèyàn gbé férémù 20 sílẹ̀ nínú oko kan ṣoṣo kó sì máa kà á bí ẹ̀rí 20. Oko kan ni, ẹ̀rí kan ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbìyànjú láti dárúkọ ìyàtọ̀ mìíràn láàárín oko méjì náà yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń dá wọn. Bí ẹ bá rí ńlá kan, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ẹrọ̀fọ̀, ẹ wá méjì míì.

Ìpele 2: Ẹ gba ọjọ́ lẹ́nu àgbẹ̀

Ìpele yìí ni wọ́n ń sáré kọjá jù, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ fọ̀wọ̀ jókòó ti àgbẹ̀, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ oko rẹ̀ wá, kí ẹ sì kọ nǹkan wọ̀nyí fún ọdún 5 sẹ́yìn:

1. Ọjọ́ tó kórè.
2. Ọjọ́ gbogbo tí irin kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ì báà jẹ́ ìtúlẹ̀ jíjìn tàbí ìhálẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
3. Ọjọ́ tó gbin ọkà tó tẹ̀lé e.
4. Orúkọ oògùn apakoríko tó lò, àti ọjọ́ tó fọ́n ọn.
5. Kílò náítírójìn fún héktà kọ̀ọ̀kan.
6. Ọdún tó da ẹfun sílẹ̀ kẹ́yìn, àti bóyá ó da ìgbẹ́ ẹran olómi sí i.
7. Ṣé ó kó pòròpórò kúrò ni, àbí ó gé e wẹ́wẹ́ sórí ilẹ̀?

Ẹ wá ka iye ọjọ́ tí ilẹ̀ fi sinmi: láti ìgbà tí irin kan ilẹ̀ kẹ́yìn tàbí ìgbà ìkórè, èyíkéyìí tó bá dé kẹ́yìn, títí di ọjọ́ tí irin tún kàn án. Ká ní wọ́n kórè àlìkámà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì túlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án: ọjọ́ 41 ni. Ká ní wọ́n kórè báálì ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, tí wọn ò túlẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹta: ọjọ́ 193 ni. Àwọn mọ́ọ̀sì tó yára lè ṣe díẹ̀ nínú ọjọ́ 41, wọ́n sì tún lè gbìyànjú láàárín poro ọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àwọn tó lọ́ra kò rí ọ̀nà kankan. Ìyẹn ló fà á tí oko fi lè kún fún mọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ síbẹ̀ kí àwọn tó ṣọ̀wọ́n má sí níbẹ̀ mọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Àgbẹ̀ sọ pé "a ò túlẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé", olùwádìí sì kọ ọjọ́ 193. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irin ha ilẹ̀ náà ní oṣù kẹsàn-án kí èpò lè hù kí wọ́n sì pa á. Ìhálẹ̀ yẹn ti dá kíkà padà sí òdo. Ẹ máa bèèrè báyìí pé: "Ṣé kò sí irin kankan rárá tó kan ilẹ̀ láàárín ìgbà yẹn?" Ẹ tún ṣọ́ra fún oko tí wọn kì í tú rárá. Àwọn kan á gbà pé oko bẹ́ẹ̀ á dára fún mọ́ọ̀sì nítorí kò sí irin níbẹ̀, àmọ́ pòròpórò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ máa ń bo ilẹ̀ bí ẹní, oògùn apakoríko ló sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ tí irin ì bá ṣe.

Ẹ má ṣe da náítírójìn, oògùn àti ẹfun pọ̀ sínú òǹkà kan. Ọ̀nà tí oníkálukú wọn gbà ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Oko àlìkámà ìgbà ìwọ́wé ní Britain sábà máa ń gba nǹkan bí kílò náítírójìn 180 sí 200 fún héktà kan. Ọkà á dí, èpò á sanra, òjìji wọn á sì bo ilẹ̀. Ẹfun ń yí pH padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn apakoríko lè jó mọ́ọ̀sì, ó sì lè pa èpò tó ń ṣíji bò ó, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n fọ́n ọn ló ń pinnu èyí tó máa borí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ọjọ́ náà sí etí àgbẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bó bá mi orí fún gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wo ìwé.

Ìpele 3: Ẹ mú àkókò tó yẹ

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlọ àkọ́kọ́, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, jẹ́ ti Anthoceros agrestis àti Phaeoceros carolinianus. Ìbátan mọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ní ìwo, yìnyín líle sì máa ń pa wọ́n. Ìlọ kejì, oṣù kejìlá sí oṣù kejì, jẹ́ ti àwọn mọ́ọ̀sì gan-an, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń so.

Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò ni kí ẹ lọ. Mọ́ọ̀sì tó gbẹ máa ń ká kò, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí erùpẹ̀. Ojú tó bá wò ó nígbà náà kò lè rí i.

Ìpele 4: Ẹ kúnlẹ̀, ẹ wá a

Ọ̀nà méjì ni ẹ ó fi wá a, ẹ má sì da àbájáde wọn pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni férémù 10 nínú oko kọ̀ọ̀kan, níbi tí nọ́ńbà tí ẹ ṣà láìmọ̀ bá gbé e sí. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ yan ibẹ̀. Ẹ rọra ṣí pòròpórò kúrò lórí ilẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ojú yín súnmọ́ ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì lo ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú awò ọwọ́. Ẹ kọ gbogbo irú tí ẹ rí, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bò, àti ní pàtàkì, bóyá ó ti so. Èkejì ni ìwákiri òmìnira, ààbọ̀ wákàtí. Ẹ lọ síbi tí ọkà kò ti dí: ẹnu géètì, ipa táyà, igun oko tí ẹ̀rọ ìgbìn fò, kòtò tí omi ń dúró sí díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣọ̀wọ́n sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ohun tí ẹ ó rí nìyí. Ephemerum dà bí ẹni fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé nu ilẹ̀; ẹ sún awò mọ́ ọn, ẹ ó rí ewé tín-ín-rín mélòó kan tó yí róbótó kan po, róbótó ọ̀hún kò sì tó mìlímítà 1. Riccia glauca, òun náà ìbátan mọ́ọ̀sì, ń tẹ́ pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ ń pín sí méjì-méjì bí ẹ̀ka gbòǹgbò, títí tó fi di òbírí. Tortula truncata ga díẹ̀, orí èso rẹ̀ dà bí ife tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ tẹ́jú.

Anthoceros agrestis lẹ máa yọ̀ láti rí. Ewé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ṣú dúdú, etí rẹ̀ ṣù pọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí ooru mú, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3 sì ń dúró gangan lórí rẹ̀. Nígbà tó bá gbó, ìwo náà á là láti òkè sí méjì. Ẹ fi ìka kan ìwo tó là, kí ẹ nù ún sórí ìwé funfun: bí eruku rẹ̀ bá dúdú, Anthoceros ni; bó bá ní àwọ̀ ìyeyè, Phaeoceros ni. Ẹ gbé ewé rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ó rí àmì dúdú tóótòòtó nínú rẹ̀: Nostoc ni, irú bakitéríà kan, òun ló ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fún un. Irú ewéko tó ń pèsè ajílẹ̀ fún ara rẹ̀ báyìí kò jèrè kankan nínú àpò ajílẹ̀ tí wọ́n dà sórí ilẹ̀. Àwọn tí ajílẹ̀ ń mú ga ló ń ṣíji bò ó.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn férémù mẹ́ta, ẹ padà sí àkọ́kọ́ kí ẹ tún un wò. Bí ẹ bá rí irú tuntun tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀, ojú yín kò tíì là tó; ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún ti férémù kọ̀ọ̀kan.

Ìpele 5: Ẹ mú díẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀

Ohun tí ẹ ó mú kò gbọ́dọ̀ ju fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò lọ. Bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló wà, bí ó ṣe sábà máa ń rí fún Weissia squarrosa, ẹ mú igi rẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ya àwòrán, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fi sínú àpò ìwé. Ọ̀rá máa ń jẹ́ kó bu.

Nílé, ẹ kó o pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú abọ́ funfun olómi. Ẹ fi abẹ́rẹ́ méjì rọra tú erùpẹ̀ kúrò lára òwú gbòǹgbò rẹ̀, láìfà á. Lára òwú yẹn ni iṣu wẹ́wẹ́ wà. Iṣu yìí ni mọ́ọ̀sì oko ń gbẹ́kẹ̀ lé: bí irin bá gé e wẹ́wẹ́, iṣu kọ̀ọ̀kan lè hù ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ebu iṣu tí àgbẹ̀ gé. Bryum rubens ní iṣu pupa bí iyùn, nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 mìlímítà, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Òwú gbòǹgbò Bryum violaceum pọ́n bí àlùkò, iṣu rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti rubens. Ti Didymodon tomaculosus gùn bí sọ́sééjì, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á fa mọ́ọ̀sì tu nínú oko, òwú á já sínú ilẹ̀, wọ́n á sì fún Bryum lórúkọ nípa ewé nìkan. Bí ẹ ò bá rí iṣu, "Bryum" lásán ni kí ẹ kọ. Sphaerocarpos, ìbátan mọ́ọ̀sì mìíràn, náà bẹ́ẹ̀: àfi kí sípọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn eruku tó fi ń bímọ, gbó kí ẹ tó lè mọ irú rẹ̀ méjì, michelii àti texanus, yàtọ̀ síra.

Ìpele 6: Ẹ bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀

Oko tí kò ní nǹkan lórí lè ní nǹkan nínú. Sípọ́ọ̀ àti iṣu wẹ́wẹ́ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tún wá jí. Láìṣe ìdánwò yìí, ẹ kò lè mọ oko tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó ń sùn.

1. Nínú oko kọ̀ọ̀kan, ẹ bu erùpẹ̀ níbi 10, ní ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 0 sí 5. Ẹ tún bu òmíràn níbi kan náà ní ìjìnlẹ̀ 15 sí 20, níbi tí irin ń sin nǹkan sí. Ẹ pò ti òkè pọ̀, kí ẹ pò ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀.
2. Ẹ yan iyanrìn nínú ààrò ní 120 °C fún wákàtí 2. Bó bá tutù, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́, sẹ̀ǹtímítà 2 ní nínípọn.
3. Ẹ tẹ́ giramu 200 erùpẹ̀ oko sórí rẹ̀. Kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.
4. Ẹ fi omi òjò rin ín láti ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ gaara bò ó.
5. Ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kì í ta sí tààrà, ní 15 sí 20 °C.
6. Ẹ máa fa koríko tó bá hù tu kó tó ṣíji bo abọ́.
7. Láti ọ̀sẹ̀ 4 dé ọ̀sẹ̀ 16, ẹ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú awò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Omi ẹ̀rọ ìlú tó ní ẹfun ń yí pH erùpẹ̀ padà. Oòrùn tààrà lábẹ́ ọ̀rá ń se abọ́ bí ọbẹ̀. Omi tó pọ̀ jù sì máa ń mú kí ewédò bo gbogbo rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí ọ̀rá fún ọjọ́ méjì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ máa ní abọ́ kan tó jẹ́ iyanrìn yíyan nìkan, kó jókòó sáàárín àwọn yòókù. Mọ́ọ̀sì tó bá hù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tàbí ọwọ́ yín ló gbé e wá. Ẹ yọ irú bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣirò gbogbo abọ́.

Bí irú kan bá hù nínú erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tí kò hù nínú ti òkè, ohun tó kó pa mọ́ nígbà àtijọ́ ló ń jẹ, kò rí tuntun fi kún un mọ́. Èmi ò mọ àmì ewu tó tètè ń hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele 7: Ẹ ka àbájáde

Fún oko kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọjọ́ ìsinmi ilẹ̀, iye irú tí ẹ rí, àti iye irú tó ti so tàbí tó ti ta iṣu. Òǹkà kẹta ni kí ẹ gbára lé. Ewéko kékeré tó hù tí irin tún dé bá kó tó so ti ná ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ láìdá nǹkan kan padà. Oko tó kún fún irú rẹ̀ lè dára lójú lọ́dún yìí kó sì ṣófo ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Ẹ fi méjì-méjì wéra. Bí oko tó sinmi pẹ́ bá borí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ṣòro kó jẹ́ èèṣì: bí ẹni ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹfà tí ojú kan náà sì ń hàn ni, ìyẹn kì í sì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 32. Bó bá jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́fà, ẹ má tíì kéde. Ẹ fi oko kún un.

Ìpele 8: Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀

Ẹ má sọ fún un pé kó dáwọ́ ìtúlẹ̀ dúró, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin koríko sórí oko náà ní orúkọ ààbò. Ìmọ̀ràn méjèèjì ti ọkàn rere wá, wọ́n á sì pa ohun tí ẹ fẹ́ dá sí.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi àkékù ọkà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án títí di àárín oṣù kejì, láìsí ìhálẹ̀ àti láìfọ́n oògùn apakoríko lẹ́yìn ìkórè. Kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo oko. Ẹ fi igun tàbí etí oko tí ẹ ti rí irú tó ṣọ̀wọ́n hàn án lórí máàpù, níbi tí ọkà kì í ti í ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó má da ẹfun síbẹ̀ bó bá jẹ́ ilẹ̀ Anthoceros, kó sì kó pòròpórò kúrò lórí rẹ̀. Ní England, ìjọba ti ní ètò tó ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá fi àkékù ọkà sílẹ̀ la ìgbà òtútù já. Ẹ bá a wo èyí tó wà lọ́dún náà kí ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀ owó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ padà síbi férémù kan náà ní oṣù kan náà fún ọdún mẹ́ta. Òjò ọdún kan lè mú mọ́ọ̀sì jáde káàkiri, kí ọ̀dá ọdún kejì sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, nítorí náà ẹ máa wo oko èkejì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí iye irú tó so bá ń pọ̀ sí i níhìn-ín tí kò sì pọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ mú abọ́ erùpẹ̀ òkè tuntun, kí ẹ wo bóyá irú tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ń hù tẹ́lẹ̀ ti dé òkè.